Ẹni Tí Wọ́n Bá Nà, Kó Dìde

   

Ẹni tó bá mọ Alágbàká ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé àdúgbò ìjọba ni. Ọ́fíìsì gómìnà ńbẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ńbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tò lọ bẹẹrẹ, INEC náà ńbẹ̀. Bó bá ti di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ á tú jáde wá jẹun, ìdí olóúnjẹ á wá di ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kejì. Àwọn àgbà ọ́fíìsì a máa kìlọ̀ fún ọmọ tuntun pé ohun méjì wà tí wọn kì í bá ẹni ẹlẹ́ni sọ nídìí oúnjẹ: ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ká sòótọ́, ohun méjèèjì yẹn náà ni àwọn àgbà ọ̀hún ń sọ látàárọ̀.

Àmọ́ mo gbọ́ ọ̀kan tó yàtọ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan, irun wọn ti ń funfun, káàdì ìdánimọ̀ wà lọ́rùn wọn, iyán ń tutù níwájú wọn, wọ́n ń jiyàn lórí géèmù Contra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Contra ti ń rẹ́rìn-ín níbi tẹ́ ẹ wà. Àríyànjiyàn wọn ni pé ṣé ẹni tó fi kóòdù gba ẹ̀mí 30 lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun parí géèmù náà? Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ní olè ni. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n jẹ́ kóun jẹun. Mo dúró, mo gbọ́ ọ tán, mo sì bá ìrònú lọ sílé. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nírọ̀lẹ́ yìí nìyí: nínú ohun mẹ́ta tí ìran tèmi fi ń jiyàn jù, ìyẹn géèmù, òṣèlú àti ẹ̀sìn, ìdí géèmù nìkan la ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dìde lórí àga nígbà tí wọ́n bá nà án.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ tó jẹ́ pé fóònù lẹ bá láyé. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ẹ̀rọ géèmù tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni Terminator. Ayédèrú ni. Ilé iṣẹ́ Nintendo ní Japan ló ṣe ojúlówó rẹ̀, Family Computer, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 1983. Àwọn mìíràn wo ti Nintendo, wọ́n ṣe tiwọn ní owó pọ́ọ́kú, òun ló wá dé Oǹdó, ìlú mi. Wọ́n á kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gàdàgbà pé géèmù 9999 ló wà nínú rẹ̀. Irọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ó lè má ju mẹ́wàá lọ. Ìyókù, Mario kan náà ni, wọ́n kàn yí àwọ̀ rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹta. Mo ti rí ìwé ìpolongo ìbò tó jọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló lágbára àtirà á. Ẹni tó bá ní in á yá yàrá iwájú ilé kan, á gbé tẹlifíṣọ̀n kan tàbí méjì síbẹ̀, á gbé bẹ́ǹṣì gígùn kan sẹ́yìn, ìṣòwò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa wà ní Yaba, ní Oǹdó. Kò sí fáànù. Wáyà páàdì ti já, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù wé e títí ó fi nípọn bí ìka ẹsẹ̀. Bọ́tìnnì B ti rì wọlé, kí Mario tó lè sáré, àfi kéèyàn fi èékánná àtàǹpàkò gbá a mọ́lẹ̀. Bí a bá délé lálẹ́, ọwọ́ á ti wú, ìyá wa á sì bi wá pé kí la lọ fà lóko.

Òfin ilé náà kò gùn, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá nà, kó sanwó, kó dìde. Ẹni tó bá borí, kó jókòó títí ẹni tó jù ú lọ á fi dé. Kò sẹ́ni tí òfin yìí kò mú. Ọmọ lọ́yà ńbẹ̀, ọmọ olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ńbẹ̀, ọmọ ẹni tó ń lẹ táyà ńbẹ̀. Mo fojú ara mi rí ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ọmọ alátàá ẹ̀yìnkùlé wọn nà ní Street Fighter. Ọmọ náà ranjú, ó mí kanlẹ̀, ó gbé páàdì sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì. Nílé, ìyá ọmọ tó nà án ló máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá tirẹ̀. Nínú yàrá yẹn, kò sí ìyẹn.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà, nítorí ó kan ẹ̀sìn. Nígbà mìíràn kásẹ́ẹ̀tì á kọ̀, tẹlifíṣọ̀n á kàn máa ṣẹ́jú. A ó yọ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìdí rẹ̀ fùùù, a ó dá a padà, àwòrán á jáde. Gbogbo ọmọ aráyé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti Japan dé Amẹ́ríkà dé Oǹdó, láìsí pé ẹnì kan kọ́ ẹnì kejì. Nintendo fúnra wọn ló kìlọ̀ pé ká yé ṣe é, pé ọ̀rinrin inú èémí ń mú kí irin wẹ́wẹ́ inú kásẹ́ẹ̀tì dípẹtà. Ohun tó ń tún un ṣe ni yíyọ tí a yọ ọ́, tí a sì tún un kì bọ inú ẹ̀rọ; irin wá fara kan irin dáadáa. Fífẹ́ kò ràn án lọ́wọ́ rárá, ó tilẹ̀ ń bà á jẹ́ ni.

Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, n kì í pa á jẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè mí ní aláìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú ìjọ pọ̀. Ẹnì kan ṣàìsàn, ó lọ sí ọsibítù ìjọba, ó lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, ara rẹ̀ yá. Ó wá bọ́ síwájú ìjọ, ó ní omi inú ìgò kan báyìí tí àwọn gbàdúrà sí ló wo òun sàn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gún un lábẹ́rẹ́ jókòó sí ìlà kẹrin, òun náà ń pàtẹ́wọ́. N kò sọ pé Ọlọ́run kò sí níbẹ̀. Mo kàn ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó yọ kásẹ́ẹ̀tì.

Nígbà yẹn, àwọn oníwàásù kan kò fẹ́ gbọ́ géèmù sétí. Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ni. Bàbá kan ládùúgbò wa wo Mario níjọ́ kan, ó rí i pé ó jẹ olú, ó sì di gìrìwò lójú ẹsẹ̀. Bàbá náà mirí, ó ní oògùn nìyẹn, kí a pa á. A fi í ṣẹ̀sín nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bí ọmọ yín bá já olú kan jẹ lẹ́bàá òkè Ìdànrè, tó ga ju ilẹ̀kùn lọ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ta ni kò ní sáré pe wòlíì?

Ohun tí bàbá náà kò mọ̀ ni pé Nintendo bẹ̀rù ṣọ́ọ̀ṣì ju bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bẹ̀rù Nintendo lọ. Lọ́dún 1984, Shigeru Miyamoto, ọkùnrin tó dá Mario sílẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Devil World. Dírágónì kékeré kan ló ń bá Sàtánì jà nínú rẹ̀. Kí ni ohun ìjà rẹ̀? Àgbélébùú àti Bíbélì. Bí kò bá tíì gbé àgbélébùú dání, kò lè yọ iná lẹ́nu. Ẹ gbọ́ o, ìwàásù gidi nìyẹn. Ó yẹ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní Àkúrẹ́ ti ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tà á ní Japan, wọ́n tà á ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n Nintendo kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà, torí pé wọn kò fẹ́ àmì ẹ̀sìn kankan nínú géèmù tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n á yọ àgbélébùú kúrò lórí sàréè, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára ọsibítù pàápàá. Ẹ̀rù bà wọ́n pé ẹnì kan lè bínú. Báyìí ni àwọn tó ń sá fún Ọlọ́run nínú géèmù àti àwọn tó ń lé Sàtánì nínú géèmù ṣe jọ ń bá òjìji jà, tí wọn kò sì mọ ara wọn.

Àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, sẹ́nétọ̀ méjì, Joe Lieberman àti Herb Kohl, pe àwọn oníléeṣẹ́ géèmù síwájú ìgbìmọ̀ ní Washington nítorí Mortal Kombat, èyí tí akọni kan ti ń fa ọkàn ẹlòmíràn yọ láyà. Wọ́n ní bí wọn kò bá fúnra wọn wá nǹkan ṣe sí i, ìjọba á bá wọn ṣe é. Nígbà tó di ọdún kejì, àwọn oníléeṣẹ́ dá àjọ ESRB sílẹ̀, tó ń kọ ọ́ sára páálí géèmù pé ọmọ ọdún báyìí ló lè ṣe é. Òṣèlú tí mo gbà nìyẹn: wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn, nǹkan kan ti ibẹ̀ jáde. Ní tiwa, ayédèrú tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò ní páálí tí wọ́n lè kọ ọjọ́ orí sí. A wá fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà lé àdúrà ìdáǹdè lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá wa mọ bí wọ́n ṣe ń bá eré lò. Wọ́n ń ta ayò, ihò méjìlá, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta á máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tó ń wòran á máa dá sí i, gbogbo ẹ̀fẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a kì í ta ayò lálẹ́, pé ará ọ̀run á wá bá èèyàn ta á. Lójú tèmi, ọgbọ́n àgbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ta ayò di òru, ta ni yóò jí lọ sóko? Wọn kò lé ayò kúrò nílùú, wọn kò pè é ní Sàtánì. Wọ́n fún un ní àkókò tirẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rù díẹ̀ ṣọ́ ọ.

Lónìí, ilé géèmù tó kù kò tó nǹkan. Ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló gba ààyè wọn. Ẹ wọ ọ̀kan, ẹ wo àwọn ọmọ tó jókòó síbẹ̀. Kò sí páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń gbá ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n di ìwé péńpé kan mú, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kí Arsenal má jẹ góòlù kejì. Ẹni tí wọ́n nà níbẹ̀ kò mọ ẹni tó na òun, kò sì rí ohun tó lè kọ́ tó fi máa ṣe dáadáa lọ́la. Àwọn kan ń wàásù lé e lórí, mo gbà. Síbẹ̀ kò tíì le tó èyí tí wọ́n ṣe lórí Mario, Mario tí kò gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Kí n tó bọ́ sí ọ̀rọ̀ òṣèlú gan-an, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ìtàn akẹgbẹ́ yín kan rèé. Lọ́dún 1984, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alexey Pajitnov ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ibùdó ìwádìí ìjọba ní Moscow, nígbà tí Rọ́ṣíà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì. Òṣìṣẹ́ ìjọba bíi tiyín ni. Ibẹ̀ ló ti ṣe Tetris, lórí ẹ̀rọ kan tí kò lè ya àwòrán rárá, tó jẹ́ pé àmì ìkọ̀wé ló fi to àwọn bíríkì rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ló wà nínú Brick Game, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ oníbátìrì méjì tí àwọn àǹtí wa máa ń fi sínú báàgì, tí wọ́n máa ń ṣe nínú mọ́tò Èkó títí bátìrì á fi kú. Nígbà tí Nintendo fi Tetris sínú Game Boy lọ́dún 1989, ó tà ju mílíọ̀nù 30 lọ. Eélòó ló kan Pajitnov? Òdo. Ìjọba ló ni ín lábẹ́ òfin wọn, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló ń bá àwọn òyìnbó dúnàádúrà lé e lórí. Ọdún 1996 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tó o lọ́wọ́, nígbà tí òun ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá ti wó. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Alágbàká tó kọ àbá tó dáa kan, tí ọ̀gá rẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò tó fi tirẹ̀ sí i, kó má sunkún jù. Ó lẹ́gbẹ́ ní Moscow.

Ó yá, òṣèlú. Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, a kò mọ bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 1983. Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa. Adékúnlé Ajáṣin ló wà lórí oyè gómìnà nínú ẹgbẹ́ UPN. Igbákejì rẹ̀, Akin Ọmọ́bóríowó, ti bọ́ sínú NPN, ó sì wá bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò. Àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, FEDECO, kéde pé Ọmọ́bóríowó ló wọlé. Ìlú gbiná. Ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n sun ilé, wọ́n pa èèyàn. Ọláìyá Fágbàmígbé, òǹtẹ̀wé tí ọ̀pọ̀ wa ka ìwé tó tẹ̀ nígbà tí a wà nílé ìwé, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ilé ẹjọ́ ló wá sọ pé Ajáṣin ló borí, wọ́n dá ipò padà fún un. Oṣù mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, àwọn sójà dé, wọ́n fa wáyà yọ lára ògiri, tẹlifíṣọ̀n gbogbo Nàìjíríà ṣókùnkùn.

Bí mo bá ń bá àwọn tó bí mi sọ̀rọ̀ ọdún yẹn, ohùn wọn á máa lọ sílẹ̀. Àwọn kan lára wọn ṣì ń yan ẹni tí wọn yóò kí àti ẹni tí wọn kò ní kí ní òde ìnáwó nítorí ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún wà ní 1983. Àwọn òṣèlú tí wọ́n tìtorí wọn jà ti kú tipẹ́.

Ẹ wá wo ọdún 2007. Wọ́n dìbò ní oṣù Kẹrin, INEC ní Olúṣẹ́gun Àgágù ti PDP ló wọlé, wọ́n búra fún un. Olúṣẹ́gun Mímíkò ti ẹgbẹ́ Labour ní òun lòun borí, ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dà bíi ti 1983, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe pẹ́ tó: ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀sùn ìbò dá Mímíkò láre ní oṣù Keje ọdún 2008, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2009, wọ́n sì búra fún un lọ́jọ́ kejì. Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ tí ẹni tí ilé ẹjọ́ sọ pé wọn kò yàn fi jókòó sórí àga. Nílé géèmù Yaba, ìyẹn kò lè pẹ́ títí NEPA á fi mú iná lọ. Èyí ló fà á tí àwa kì í fi dìbò gómìnà nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bá ń dì í: ọdún mẹ́rin Mímíkò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbúra yẹn, ọjọ́ 24 oṣù Kejì la sì ń lò títí dòní. Nígbà tí ọmọ yín bá bi yín pé kí ló dé tí tiwa fi dá yàtọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹnì kan kò tètè dìde ni.

Ẹgbẹ́ yíyí náà wà níbẹ̀. Nínú Winning Eleven, géèmù bọ́ọ̀lù, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ lèèyàn ti ń yan ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ti gbá góòlù méjì wọlé ẹ, o kò lè sọ pé Brazil lo fẹ́ máa bá lọ báyìí. Ẹ wò ó lọ́dún 2020: Agbóọlá Àjàyí, tó jẹ́ igbákejì gómìnà, wà nínú APC, ó bọ́ sí PDP, ó tún bọ́ sí ZLP, ọdún kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, ipò igbákejì náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mímíkò fúnra rẹ̀ ti wọ AD, PDP, Labour, PDP lẹ́ẹ̀kan sí i, àti ZLP. N kò bú wọn. Òfin gbà wọ́n láyè. Mo kàn ń rántí àwọn ará 1983 tí wọn kò kí ara wọn lóde ìnáwó.

Àwọn olóṣèlú wa tún mọ kóòdù. Àríyànjiyàn àwọn ọkùnrin nídìí iyán nìyẹn: òkè òkè, ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, òsì ọ̀tún, òsì ọ̀tún, B, A, Start, ẹ̀mí 30 dé. Ṣẹ́ ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọkùnrin ará Japan kan, Kazuhisa Hashimoto, ló ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Konami lórí géèmù Gradius ti ẹ̀rọ Nintendo, tí wọ́n gbé jáde ní 1986. Géèmù náà le fún òun tó ń ṣe é alára. Ó wá fi kóòdù yìí sí i kí òun lè rí i dán wò, kò sì yọ ọ́ kí wọ́n tó tà á. Ibẹ̀ ló ti wọ inú Contra. Tiwa ni abala 308 nínú ìwé òfin Nàìjíríà: ẹnì kankan kò lè pe gómìnà tàbí ààrẹ lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ tara rẹ̀, wọn kò lè mú un, títí yóò fi kúrò lórí oyè. Àwọn tó kọ ọ́ ní ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́, mo mọ̀. Wọn kò fẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba gbogbo àkókò ìjọba. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọkùnrin kejì nídìí iyán yẹn. Bó o bá fi ẹ̀mí 30 parí rẹ̀, má ṣe wá bá wa yangàn.

Ẹ̀sìn wá máa ń parí ẹ̀ fún wọn. Kí ìbò tó dé, gbogbo olùdíje á lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n á wà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ní Ọlọ́run ló ń gbé ìjọba fún ẹni tó wù ú. Ọjọ́ kejì tí èsì bá jáde, ẹni tí Ọlọ́run kò gbé e fún á gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ.

Ẹnì kan lè ní géèmù ló rọrùn, ẹ̀rọ ni ìdájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kì í gba rìbá. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. N kò gbà á mọ́. Ẹ̀rọ kì í lé èèyàn kúrò lórí àga. Àwòrán á kàn yọ pé ó parí, ẹni tí wọ́n nà lè fi gbogbo ọjọ́ wò ó. Ọ̀gá kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, géńdé ọkùnrin, tó máa ń san owó sílẹ̀ fún onígéèmù. Wọ́n nà án níjọ́ kan, ó ní òun kò dìde. Onígéèmù ń wo òkè àjà. Kò sẹ́ni tó lè bá géńdé yẹn jà nínú wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ kan lórí bẹ́ǹṣì gba owó rẹ̀ padà, ó jáde. Èkejì jáde. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Kò pẹ́ tí onígéèmù fi sáré jáde sí títì, ó ń pè wá padà ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, géńdé náà sì ti wà ní ìdúró nígbà tí a wọlé. Owó wẹ́wẹ́ tí àwa ń san ni onígéèmù fi ń jẹun, kò lè jẹun lára géńdé nìkan.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé ohun tí àwọn náà ń ṣe sí òṣèlú nìyẹn: àwọn ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ yìí jẹ́ 2,053,061. Àwọn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò ní ibùdó ìdìbò jẹ́ 508,963. Lucky Ayédatiwa ti APC borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18, kò ku ọ̀kan. Ó borí, mo kí i. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jókòó sílé, bẹ́ǹṣì ṣófo ju ti Yaba lọ, mo sì wo títì Alágbàká láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò rí ẹni tó sáré jáde wá pè wá. Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n fi ń jẹun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dìbò lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ohùn yín, ẹ pè wá báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé, ẹ ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tiwọn, kẹ́ ẹ sọ ìdí yín fún wa. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jà lórí Mario, kó dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.